Pọ́lọ́ọ̀gì Kẹta

Mọ́tò àgbàlagbà dà bí ìyá arúgbó: bí nǹkan bá ń dùn ún, yóò sọ ọ́, ẹni tí yóò tẹ́tí sí i ló kù. Nínú ọgbà mẹkáníìkì kan lẹ́yìn ilé-epo, ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Bàbá Elétí. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣe ségesège, Bàbá Elétí kì í kọ́kọ́ tú nǹkan kan. Wọn yóò mú sukudíráfà gígùn, wọn yóò fi ẹnu irin rẹ̀ ti ara ẹ́ńjìnnì, wọn yóò wá fi eyín di igi ìdìmú rẹ̀ mú, bí ajá tó gbá eegun mú. Wọn yóò dijú. Nígbà tí wọ́n bá fi lajú, wọ́n ti mọ ibi tó ń dùn ún.

Àwọn tó kọ́kọ́ rí i rẹ́rìn-ín pé ẹ́ńjìnnì ni ọ̀gá fẹ́ jẹ. Nígbà tó yá, ẹ̀rín tán. Ìgbín ń fà, ìkarahun ń tẹ̀lé e: gbogbo ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn ló ń gé sukudíráfà jẹ. Ọmọbìnrin wọn, tí àwọn oníbàárà ń pè ní Sípánà, náà ń gé e jẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé etí lásán ti tó o. Ó gbà pé àṣà ọgbà wọn ni, bí aṣọ iṣẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, awakọ̀ takisí kan gbé mọ́tò rẹ̀ dé. Ó-Ń-Bọ̀ ni ìgboro sọ ọ́, torí pé ibi yòówù kó wà tí o bá pè é, ohun tí yóò wí nìyẹn. Mọ́tò náà ju Sípánà lọ lọ́jọ́ orí. Ó ń gbọ̀n jìgìjìgì bí ẹni tí ibà ń ṣe, òórùn epo sì gba gbogbo ọgbà.

"Bàbá, ẹ bá mi wò ó," ni Ó-Ń-Bọ̀ wí. "Òun ló ń bọ́ ilé mi."

Bàbá Elétí gbé sukudíráfà sẹ́nu. Oníṣègùn ti yọ gbogbo eyín òkè wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá, erìgì lásán ni wọ́n fi dì í mú. Ó pẹ́ kí wọ́n tó lajú. Wọ́n mi orí.

"Ó ti kú. Àwọn irin inú lọ́hùn-ún ti jẹ ara wọn tán. Tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù."

Ó-Ń-Bọ̀ jókòó wọ̀ọ̀ sórí táyà kan. "Òun náà ló gbé mi délé lánàá," ló wí, bí ẹni ń ṣọ̀fọ̀ ẹbí. Kò bá wọn jiyàn. Ta ni í bá Bàbá Elétí jiyàn? Ó fa fóònù yọ, ó pe oníṣòwò irin.

Sípánà dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Ohun tí òun ń gbọ́ kì í ṣe ikú. Ẹ́ńjìnnì náà ń ṣe gbì, gbì, gbì, yóò wá fo ọ̀kan, bí ẹran ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó ń fi mẹ́ta rìn. Irin inú tó bá jẹ, kò-kò-kò ni yóò máa dún, bí ẹni ń kanlẹ̀kùn. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ fún oṣù kan yóò mọ ìyàtọ̀ wọn. Kí ló dé tí bàbá òun kò mọ̀?

Àìlèsọ̀rọ̀ ni ìpilẹ̀ orí burúkú. Ó sún mọ́ wọn.

"Bàbá, ẹ jẹ́ n yọ wáyà wò, kí wọ́n tó wá gbé e."

"Yọ ọ́. Òkú kì í bínú."

Sípánà fi aṣọ gbígbẹ wé ọwọ́, ó fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́, ó wá ń fa wáyà kúrò lórí pọ́lọ́ọ̀gì tó ń tanná sí epo, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fa àkọ́kọ́, ẹ́ńjìnnì rọ jọwọrọ. Ó dá a padà. Èkejì, bákan náà. Ó fa ẹ̀kẹta, kò sí ohun tó yí padà. Ẹni tó ti sùn kì í mọ̀ pé wọ́n ti pa fìtílà.

Orí rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tó fi sọ pé, "Bàbá, ẹ gbọ́ ọ? Ẹ̀kẹta ni."

Ó tún pè wọ́n.

"Bàbá."

Ó rò pé inú ló ń bí wọn. Ó ti wáyà padà. Epo tí kò jó tó ti kóra jọ sínú páìpù èéfín gbiná lẹ́ẹ̀kan náà, ó dún gbàmù bí ìbọn. Ó-Ń-Bọ̀ ṣubú sẹ́yìn lórí táyà, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì dòkè. Ẹnì kan tó ń kọjá lójú títì kó sí gọ́tà.

Bàbá Elétí kọjú sí ògiri, wọ́n ń fi àkísà nu ọwọ́. Èjìká wọn kò mì. Wọ́n ń nu ọwọ́ wọn lọ.

Sípánà yọ orí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó rí wọn. Ó rántí pé bàbá òun kì í gbé fóònù. Wọ́n ní iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Ó rántí bí ìyá òun ṣe máa ń fọwọ́ kàn wọ́n léjìká kó tó sọ̀rọ̀, àti bí bàbá òun ṣe máa ń kígbe mọ́ òun láti kékeré pé, "Wo ojú mi bí o bá ń bá mi sọ̀rọ̀." Ó ti rò pé ẹ̀kọ́ ilé ni.

Ó lọ dúró síwájú wọn. Ó ń mi ètè bí ẹni ń sọ̀rọ̀, kò jẹ́ kí ohùn kankan jáde: Bàbá, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?

"Mò ń gbọ́ ọ," ni bàbá rẹ̀ dáhùn. "Ṣé mo dití ni? Kí ló dé tí o ń wò mí bí ẹni rí òkú?"

Aṣọ gbígbẹ náà bọ́ lọ́wọ́ Sípánà. Bàbá rẹ̀ wo aṣọ náà nílẹ̀, wọ́n wo ojú ọmọ wọn, ó wá yé wọn pé ọ̀rọ̀ tí àwọn fèsì sí kò ní ohùn. 

"Láti ìgbà wo?" ni Sípánà béèrè.

"Kí wọ́n tó bí ọ. Ibi tí wọ́n ti ń rọ irin ni mo ti ṣiṣẹ́ nígbà èwe, ariwo ibẹ̀ ló dí mi létí. Ìyá rẹ nìkan ló mọ̀, ó sì gbé e lọ sọ́run." Wọ́n fọwọ́ kan ètè wọn. "Eyín ni mo fi ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Egungun orí ló ń gbà wọlé. Mo rò pé erìgì yóò tó o ṣe."

"Ẹ ò gbọ́ ohùn tèmi rí?"

"Rárá."

Sípánà mú aṣọ rẹ̀ nílẹ̀. Ó padà sídìí mọ́tò, ó paná rẹ̀, ó tú pọ́lọ́ọ̀gì kẹta. Epo ti rin ín gbingbin, tánganran funfun ara rẹ̀ sì sán, tín-ín-rín bí irun. Ó gbé e síwájú bàbá rẹ̀. Wọ́n fi èékánná tọ ojú ibi tó sán.

"Èyí ni mo fẹ́ torí ẹ̀ pa mọ́tò èèyàn," ni wọ́n wí.

Sípánà ki tuntun bọ̀ ọ́, ó tún tan án. Mọ́tò náà dìde, kò gbọ̀n mọ́. Ó-Ń-Bọ̀, tó ti lọ fa ẹni inú gọ́tà yọ, ń bọ̀ wá, ó ń gbọn eruku nídìí, ojú rẹ̀ yọ síta.

"Ṣé òkú ń jí ni? Bàbá, ẹ ní ó ti kú."

"Bàbá ń dán mi wò ni," ni Sípánà yára sọ, "kí wọ́n lè mọ̀ bóyá…"

"Má torí mi parọ́," ni Bàbá Elétí wí. Ojú wọn wà lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n kọjú sí awakọ̀. "Mo ṣì í. Mi ò gbọ́ ọ. Adití ni mí, ó ti pẹ́."

Ó-Ń-Bọ̀ wo bàbá, ó wo ọmọ. "Gbogbo ọ̀rọ̀ ìyàwó mi tí mo ti ń rò fún yín láti ọjọ́ yìí ńkọ́?"

"Èyí tí o kọjú sí mi rò, mo mọ̀ ọ́n. Èyí tí o rò nígbà tí mo jókòó lẹ́yìn rẹ nínú takisí, ìwọ àti Ọlọ́run rẹ lẹ jọ sọ ọ́."

Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa Ó-Ń-Bọ̀, kó tó rí ojú Sípánà, tó gbé e mì. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń tẹ fóònù láti ní kí oníṣòwò irin má wulẹ̀ wá mọ́.

Bàbá Elétí tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé ara ẹ́ńjìnnì. 

"Báwo ló ṣe ń dún?" ni wọ́n béèrè.

Kò sẹ́ni tó bi Sípánà ní irú rẹ̀ rí. Ó wá ọ̀rọ̀ títí. "Ó ń dún wìnnìwìnnì."

"Mo rí wìnnì lẹ́nu rẹ. Mi ò rí i bóyá ó lọ sókè ni àbí ó wà nísàlẹ̀."

Sípánà na ọwọ́ rẹ̀ tí epo dọ̀tí síwájú wọn, ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀ sísàlẹ̀ àyà, ó wá ń mì ín bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń lù. Bàbá rẹ̀ kò ṣẹ́jú.