Ìkíni Orí Wáyà

Ìgbà kẹfà nìyẹn tí Cosme sáré kọjá níwájú ìsọ̀ Ṣàkírù aránṣọ, ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn.

“Kámárádì, ṣé kò sí o?” Ṣàkírù kò gbójú sókè lórí ẹ̀rọ rẹ̀. “Ta ló ń lé yín?”

“Iṣẹ́ ìjọba ni.”

“Ìjọba tó ń sáré! A ò rí irú ẹ̀ rí ní Dassa.”

Kọ̀ǹpútà méjì ló fa eré náà. Ọ̀kan, ará Faransé, wà ní ọ́fíìsì àgbègbè lórí òkè. Èkejì, ará Bùlùgáríà, wà ní ilé àwọn àgbẹ̀ nísàlẹ̀, lẹ́bàá títì. Cosme, tó fi ọdún mẹ́rin kọ́ṣẹ́ ní Sófíà, olú ìlú Bùlùgáríà, tó sì máa ń dárúkọ ìlú náà kó tó dáhùn ìkíni ẹnikẹ́ni, ti búra níwájú ìgbìmọ̀ Ìyípadà tó ń ṣàkóso àgbègbè pé òun á mú kí àwọn méjèèjì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ yìí ni àwọn àlejò láti Cotonou ń bọ̀ wá wò ó. Bí àwọn ẹ̀rọ náà kò bá sọ̀rọ̀, wọ́n á kó ẹ̀rọ méjèèjì lọ, Cosme á sì padà sídìí kíkọ orúkọ ọmọ tuntun sínú ìwé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àwọn ẹ̀rọ náà fi yan ara wọn lódì. Wáyà tí ọ̀kan fi ń sọ̀rọ̀ ni Cosme ti so mọ́ èyí tí èkejì náà fi ń sọ̀rọ̀: àwọn méjèèjì ń sọ, kò sí ẹni tó ń gbọ́. Àná ló tó yí i padà.

Ó wá ku ẹnìkan tí yóò jókòó sí apá kejì. Euphrasie, tó ń tẹ lẹ́tà ní ọ́fíìsì òkè, ti fi ara rẹ̀ sílẹ̀ rí. “Tàǹtí, èyí kì í ṣe ẹ̀rọ lẹ́tà yín o,” ni Cosme wí. “Ẹ má fọwọ́ kàn án.”

Nítorí náà, Cosme ń kí ara rẹ̀ láti òkè, ó ń sáré sọ̀ kalẹ̀ gba àárín àpáta, ó ń dá ara rẹ̀ lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì tún ń gòkè lọ ka èsì. Ó ṣiṣẹ́! Ó tún sọ̀ kalẹ̀ sílé àwọn àgbẹ̀, ó yíjú láti sọ fún ẹnìkan. Àga òfìfo ló rí.

Ọwọ́ kan kì í gbé igbá dórí. Cosme ti máa ń rò pé àwọn tí kò dé Sófíà ni òwe náà ń bá wí. Ṣùgbọ́n bí àwọn àlejò bá jókòó síbí, nísàlẹ̀, ta ni yóò dáhùn láti òkè?

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó tẹ “Ẹ kú iṣẹ́”, ó sì dìde láti tún sáré gòkè.

Lẹ́tà yọ lójú ẹ̀rọ.

“Ẹ jókòó. Láti àárọ̀ ni mo ti ń wò yín.”

Kò sí ẹlòmíràn lókè yàtọ̀ sí Euphrasie. Òmíràn tún yọ: “Ṣé ẹ ti jẹun?”

Ọ̀rọ̀ ìkínikáàbọ̀ ní èdè mẹ́ta wà nínú àpò Cosme. Kò sí èyí tó bá ìbéèrè yìí mu. Láti ìgbà tó ti Sófíà dé, ẹnikẹ́ni kò bi í bẹ́ẹ̀ rí; tàbí bóyá wọ́n bi í, òun ni kò dúró gbọ́.

Ó fi ìka kan ṣoṣo tẹ “Rárá”. Kò dìde. Ó jókòó, ó ń retí.