Iṣan Tó Dédé Fẹ̀

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi bá kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa ní Ìkòròdú jà. Iṣẹ́ mi kò ju kí n gbé fọ́tò ẹ̀yìn ẹyinjú àwọn aláìsàn sórí rẹ̀, kí n tọ́ka sí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà níbẹ̀, kí kọ̀ǹpútà sì wọn bó ṣe fẹ̀ tó. Bí èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọlé bá ti fún jù, ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá ojú náà jà nìyẹn. Iṣẹ́ onísùúrù ni. Èmi ò sì ní sùúrù.

Ní oṣù kẹta ọdún 2006, iṣan ojú Màmá Mùsílímátù, tó ń ta ẹja yíyan ní Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, fún bí òwú ìránṣọ. Dókítà Fábíyìí, ọ̀gá wa, fún un lóògùn, ó ní bí a bá jáfara, ojú náà máa lọ. Nígbà tó di oṣù kẹfà, Bísíríyù, tó máa ń gbé kámẹ́rà lọ sí Ẹ̀pẹ́, kó fọ́tò tuntun dé. Mo wọ̀n ọ́n. Iṣan ti fẹ̀ bíi ti ẹni tí kò ṣàìsàn rí.

Mo tún un wọ̀n. Ohun kan náà ló sọ. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tàn án, iná lọ, mo ní kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, mo tún wọ̀n ọ́n. Èyí tó wá ń bí mi nínú jù ni pé ibi tí iṣan ti yà sí ẹ̀ka nínú fọ́tò tuntun kò bá ti àkọ́kọ́ mu. Iṣan lè fẹ̀ o, ó sì lè fún, ṣùgbọ́n kì í kó ẹrù lọ síbòmíràn. Mo fi ìbínú sọ pé Bísíríyù ló di kámẹ́rà mú sódì.

Dókítà ní, "Títílọpẹ́, ṣé ó fẹ̀ àbí kò fẹ̀?"

Mo ní ó fẹ̀. Ó ní kí n pe ìyá náà, kí n ní kó máa lo ìdajì oògùn. Mo pè é, ó sì gbàdúrà fún mi títí káàdì fóònù mi fi tán.

Oṣù méjì kọjá, fọ́tò yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ní Sátidé kan, mo wọkọ̀ láti Ìgbògbò tí mò ń gbé, ó di Ọjà Olúwo. Obìnrin kan ń to ẹja nídìí ìsọ̀ náà.

"Ẹ̀yin ni Màmá Mùsílímátù? Ọ̀dọ̀ dókítà ojú ní Ìkòròdú ni mo ti wá."

"Rárá o, àbúrò wọn ni mí, Rọ̀kíbátù. Ṣé ti fọ́tò ojú yẹn ni? Ẹ bá mi kí brọ́dà tó yà mí."

"Tó ya ta?"

"Èmi ni. Ọjọ́ ọjà ló bọ́ sí, ẹja kún ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n lọ dúró fún àwọn. Ìyá kan náà, bàbá kan náà, kí ló wá burú níbẹ̀?"

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì ṣe máa ń dúró fún ara wọn níbi ìsọmọlórúkọ àti ìpàdé ẹgbẹ́ ẹlẹ́ja, kò sì sẹ́ni tó ń bi wọ́n léèrè.

Mo figbe ta. "Ẹ̀yìn ojú lẹ lọ dúró fún wọn! Ṣé ẹ lè bá wọn mu oògùn ni? Ṣé ẹ lè bá wọn ríran?"

Gbogbo ìsọ̀ yíjú sí mi. Màmá Mùsílímátù jáde láti ẹ̀yìn, ó ń fọwọ́ tọ etí tábìlì.

"Ta ló ń pariwo?"

"Èmi ni, Màmá. Títílọpẹ́, láti Ìkòròdú."

Ó rẹ́rìn-ín sí òpó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Háà, ọmọ mi! Ìwọ lo pè mí pé ara mi ti yá! Ìdajì náà ni mò ń lò, bí o ṣe wí. Ojú mi kàn ń ṣókùnkùn ni, mo sì ti sọ fún Rọ̀kíbátù pé èéfín ẹja ni."

Ó ń di ẹ̀bi ru èéfín, bí mo ṣe di tèmi ru kámẹ́rà. Èmi ni mo rí i pé ẹ̀ka kò bára mu. Èmi náà ni mo tẹ fóònù. Mo di apá rẹ̀ mú, mo ní Ìkòròdú yá, kíákíá.

Rọ̀kíbátù nu ọwọ́ rẹ̀. "Lónìí? Nígbà tí ọjà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kún? Ẹ jẹ́ kí n tẹ̀lé yín, kí ẹ̀gbọ́n mi jókòó ti ẹja."

Inú bí mi débi pé mo bú sẹ́kún. Màmá kò rí i, ó ṣì ń gbàdúrà fún mi.