Ìdí Iná Ìyá Bunrye

Ọ̀gá Tak kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ju kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sórí tábìlì níwájú Dasol, ó ní, "Ilé kan wà lẹ́yìn ìlú Andong, lẹ́sẹ̀ òkè. Ìwọ ni olórí iṣẹ́ ibẹ̀."

Dasol wo kọ́kọ́rọ́ náà bí ẹni pé ẹyẹ ló bà sórí tábìlì, tí yóò fò lọ bí òun bá mira. Ọdún mẹ́fà ló ti fi ń ru páìpù omi gbígbóná tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ilẹ̀ yàrá tẹ̀lé àwọn ọkùnrin kiri. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ sórí àga.

"Ẹ̀rín tí ò ń rín yẹn, tọ́jú díẹ̀ pamọ́," ni Ẹ̀gbọ́n Go wí nígbà tí wọ́n wà lọ́nà. Go ló ń rí sí sìmẹ́ǹtì nílé iṣẹ́ wọn. Ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, kò sì sí ohun tí kì í ráhùn sí. "Ilé àtijọ́ kì í fẹ́ràn ẹni tó ń rẹ́rìn-ín."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ilé ló sọ fún yín ni, àbí ẹ̀yìn yín tó ń dùn yín?"

"Àwọn méjèèjì. Ọ̀rọ̀ wọn kì í yàtọ̀."

Bí àwọn mìíràn ṣe fẹ́ràn ìtàn ni Dasol fẹ́ràn ilé. Nínú àwọn ilé gogoro tuntun, ilẹ̀ máa ń tẹ́jú bí ìwé tí ẹnikẹ́ni ò tíì kọ nǹkan sí. Ìlà ni yóò máa fi páìpù fà tẹ̀lé ìlà, omi gbígbóná yóò gba inú rẹ̀ kọjá, gbogbo yàrá yóò sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nínú àwọn ilé ìgbà tí wọ́n ń fi èédú mú yàrá gbóná, òrùlé kò ga, bí ilẹ̀ bá fi ìka kan péré ga sí i, ilẹ̀kùn kò ní ṣí mọ́. Ó mọ ti méjèèjì. Ṣùgbọ́n ilé tí ilẹ̀ rẹ̀ dùbúlẹ̀ lé orí òkúta, tí wọ́n ń dáná fún láti ilé ìdáná, tí èéfín ń gba abẹ́ yàrá lọ síta lẹ́yìnkùlé, kò fọwọ́ kan irú rẹ̀ rí.

Ìyá Bunrye, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, ló ni ilé náà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń húkọ́. Jegyu ọmọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Daegu, fa Dasol sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níbi àwọn ìkòkò ńlá tó wà ní àgbàlá.

"Àbúrò, ẹ gbọ́. Òkúta abẹ́ ilẹ̀ ti wó, èéfín ń wọ yàrá, ikọ́ ò sì jẹ́ kí màmá mi sinmi. Mo ní kí wọ́n wá bá mi gbé, wọ́n kọ̀. A wá ṣàdéhùn. Lọ́jọ́ tí gbogbo wa bá pé jọ láti po kimchi, ewé oníata tí a ń tọ́jú de ìgbà òtútù, bí ilẹ̀ tuntun yìí bá tù wọ́n lára, wọ́n á dúró. Bí kò bá tù wọ́n, inú ọkọ̀ mi ni wọ́n á bá lọ."

"Àjà kẹrìnlá ló ń gbé!" Ìyá Bunrye kígbe láti ẹnu ọ̀nà, etí rẹ̀ mú bí abẹ. "Adìyẹ pàápàá kì í sùn lókè tó bẹ́ẹ̀!"

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi hú òkúta abẹ́ ilẹ̀ náà. Wọ́n fẹ̀ bí ẹní ọmọdé, abẹ́ wọn dúdú fún èéfín, ó ń dán bí aṣọ sílíkì. Ìyá Bunrye kò jẹ́ kí wọ́n da ẹyọ kan nù. "Wọ́n ti gbé mi fún ọgọ́ta ọdún. Ẹ kó wọn sábẹ́ àwọn ìkòkò mi, kí wọ́n wá lọ gbé ẹ̀wà àti ata."

Lẹ́yìn náà ni Dasol di kòtò náà, ó tẹ́ fóòmù, ó tẹ́ wáyà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa páìpù. Ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì ló fi sáàárín ìlà kan àti èkejì, láti ògiri dé ògiri, kò sí èyí tó wọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí sìmẹ́ǹtì ń bọ̀, ó bu omi sí i, ó wo ẹ̀rọ tó ń wọn agbára omi. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò mira. Kò jò! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

"Ìyá Àgbà, ẹ wá wò ó!"

Ìyá Bunrye dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó káwọ́ sẹ́yìn. Ó wò ó títí. Ó ní, "Ìdí iná ńkọ́?"

"Gbogbo yàrá ló di ìdí iná báyìí! Igun kan ò ní gbóná ju igun kan lọ. Bákan náà ni gbogbo rẹ̀."

"Bákan náà." Ìyá arúgbó náà mi orí díẹ̀. "Bí àlejò bá wọlé pẹ̀lú òtútù lára, ibo ni màá ní kó sún mọ́? Ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná yìí, níbi tí iná ti kọ́kọ́ ń dé, ibẹ̀ lọkọ mi jókòó sí títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ibẹ̀ ni mo bí Jegyu sí. Bí ẹnìkan bá pẹ́ lọ́nà, ibẹ̀ ni mò ń gbé abọ́ ìrẹsì rẹ̀ sí lábẹ́ aṣọ ìbora, kó má baà tutù. Ọmọ mi, o ṣe é dáadáa, iṣẹ́ rẹ mọ́. Àmọ́ bó bá jẹ́ bákan náà ni gbogbo rẹ̀, ti Daegu náà bákan náà ni."

Ó yí padà. Nígbà tó ṣe díẹ̀, Dasol gbọ́ tí ó ń ṣí àpótí aṣọ nínú yàrá kejì.

Ojú ti Dasol. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé àgbà ni wọ́n gbé lé òun lọ́wọ́, orúkọ ọmọ àná lòun sọ ọ́. Ó kúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé páìpù. Ibi fèrèsé ló ti mú omi wọlé, nítorí ibẹ̀ ló sún mọ́ ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná. Omi náà yóò wọlé ní gbígbóná, ooru rẹ̀ yóò sì máa dín kù bó bá ṣe ń rìn. Bó bá wá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná ló kọ́kọ́ dé ńkọ́? Tí ìlà ibẹ̀ sì fún mọ́ra?

Ó fò dìde.

"Ẹ̀gbọ́n Go! A ó tú u!"

"Tú kí ni?"

"Gbogbo rẹ̀!"

"Aago mẹ́sàn-án rèé, aago méjì ni sìmẹ́ǹtì ń dé!"

"Wákàtí márùn-ún ṣì kù nìyẹn!"

"Mo sọ fún ọ nípa ẹ̀rín yẹn," Go wí, ṣùgbọ́n ó ti ń wá ẹ̀mú rẹ̀.

Dasol pe Ọ̀gá Tak. Ó ro ẹjọ́ títí èémí rẹ̀ fi tán.

"Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà?" ni Ọ̀gá bi í.

"Ọwọ́ mi, Ọ̀gá."

"Kí lo wá ń bi mí sí?" Ó sì pa fóònù.

Dasol sáré lọ bá Ìyá Bunrye nídìí àpótí. "Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi aṣọ yẹn sílẹ̀. Ẹ wá fi ibi tí ooru ń dé hàn mí."

Ìyá arúgbó náà wo ojú rẹ̀, ó rí iná tó ń jó níbẹ̀. Ó dìde, ó mú èédú kan láti inú ààrò ilé ìdáná, ó wọ yàrá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà sára ògiri. "Láti ibí dé ibí, àgbà àti àlejò. Ibí yìí, àwọn ọmọ." Ó nàka sí igun fèrèsé lọ́hùn-ún. "Ìyẹn, ọkọ ọmọ mi tí mi ò fẹ́ràn."

Go rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé.

Wọ́n tú u, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan ṣoṣo ni Dasol fi sáàárín ìlà. Láàárín yàrá, méjì. Ní igun ọkọ ọmọ, mẹ́ta. Páìpù kan náà ni, kò sì gbọdọ̀ so òmíràn mọ́ ọn, nítorí ojú ìsopọ̀ tó bá wà lábẹ́ sìmẹ́ǹtì, ibẹ̀ ni yóò jò lọ́jọ́ kan. Bó bá tán kó tó padà dé ìdí ẹ̀rọ, iṣẹ́ bàjẹ́. Ìyá Bunrye kúnlẹ̀ tì í, ó ń fi ìka rẹ̀ tó ti wọ́ di páìpù mọ́ wáyà, ó sì yára ju Go lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, màmá ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín o!"

"Kí wọ́n gbà á! Kí wọ́n gba ẹ̀yìn mi mọ́ ọn!"

Nígbà tí Dasol fa orí páìpù dé ìdí ẹ̀rọ, ìgbọ̀nwọ́ kan péré ló ṣẹ́ kù. Ó bu omi sí i. Abẹ́rẹ́ gòkè, ó gbọ̀n, ó dúró. Wọ́n dúró tì í, wọ́n ń wò ó bí ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ tó ń sùn. Kò sọ̀ kalẹ̀. Fèrè ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì sì dún lẹ́nu ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kimchi, yìnyín funfun bo orí àwọn ìkòkò. Sìmẹ́ǹtì ti gbẹ, bébà tí wọ́n fi òróró ẹ̀wà pa ń dán lórí ilẹ̀ yàrá. Àwọn ọmọ àti ìyàwó ilé ń fi ata ra ewé ní àgbàlá, ọwọ́ wọn pupa dé ìgbọ̀nwọ́. Wọ́n ránṣẹ́ pe Dasol àti Go wá jẹ ẹran sísè. Ẹran náà dùn, ṣùgbọ́n kò lọ lọ́fun Dasol, nítorí Jegyu kò tíì dé.

Ọ̀sán ti pọ́n kí ọkọ̀ rẹ̀ tó yọ. Ó ti kó gbogbo ẹrù ẹ̀yìn ọkọ̀ kúrò, àyè ẹrù màmá rẹ̀ ni. Etí rẹ̀ pupa fún òtútù bó ṣe wọlé, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bọ́ bàtà," ni Ìyá Bunrye wí. "Sún mọ́ ìdí iná."

Jegyu kò bi í pé níbo. Ó ń rìn bọ̀ láti ọ̀dọ̀ fèrèsé, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń bá a wá ibi tó gbóná. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná, ó dúró lójijì. Ó jókòó. Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ ìbora tó wà níbẹ̀, ó fa abọ́ idẹ kan yọ, ó ṣí i. Ooru ìrẹsì rú sí i lójú.

Ó jẹ ẹ́ tán. Ó ní òun fẹ́ na ẹ̀yìn díẹ̀, kí àwọn tó wá sọ ti ìrìn àjò. Kò pẹ́ tó fi ń hanrun, bó ṣe ká jọ bí ọmọ ọdún méje.

Ìyá Bunrye tẹ̀ ba, ó yọ kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó rìn dé igun fèrèsé, igun ọkọ ọmọ tó tutù jù, ó gbé e sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì ṣẹ́jú sí Dasol.

"Jẹ́ kó tutù díẹ̀," ló wí. "Wá, ọmọ mi. Wá jókòó síbí."