Àga Iwájú Nínú Píjò Alhaji

Èmi ni mo ni àga iwájú nínú Píjò Alhaji. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé mọ́tò náà jáde ní èbúté Tin Can, tí ọ̀rá kò tíì kúrò lára àga, èmi ni mo jókòó síbẹ̀ dé Ajégúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n látìgbà tí ìrora abẹ́ inú ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ Tèmítọ́lá, ìyàwó mi kékeré, lẹ́nu, ẹ̀yìn ni mo ń jókòó. Alhaji ní ẹ̀yìn ń gbọ̀n jù fún un. Èmi Rekiat, ìyáálé, tí mo bí ọmọ mẹ́rin fún wọn, ṣé ara tèmi kì í gbọ̀n ni?

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo jowú. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé òrìṣà jẹ́ n pé méjì kò dénú obìnrin, èmi ò sì ní parọ́ pé ó dénú mi.

Bí Tèmítọ́lá bá jókòó pẹ́, á ní abẹ́ ń ta òun. Bó bá tọ̀, ó ń ta òun. Bó bá sì di ọjọ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ ọkọ wa, á ní òun kò lè ṣe é, ó ń dun òun. Ó sọ ọ́ lójú Alhaji! Mo fara ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà kí n lè gbọ́ bí ilé ṣe máa dàrú. Ilé kò dàrú. "Pẹ̀lẹ́, Tèmí," ni Alhaji wí. "A ó wá ẹni tó mọ̀ ọ́n." Mo padà sí kíṣìnì, mo lọ fọ ìkòkò tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ohun tí mo ń jowú rẹ̀ gan-an nìyẹn, kì í ṣe aṣọ, kì í ṣe góòlù. Ó sọ pé ó ń dun òun, wọ́n sì ní pẹ̀lẹ́.

Àwọn dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ya fọ́tò inú rẹ̀, wọn ò rí nǹkan kan. Inú mi dùn. Mo sáré lọ sọ ọ́ fún Màmá Obiora, tó ń ta aṣọ òkìrìkà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ ike mi ní ọjà Boundary.

"I no tell you? Nothing dey do am. Na lie."

Màmá Obiora rẹ́rìn-ín, ó sún àpótí kan sí mi. "Iya Koya, siddon small now. From morning you dey stand."

Mo ní èmi kì í ṣe ọ̀lẹ. Gbogbo Boundary ló mọ̀ mí sí obìnrin tí kì í jókòó, wọ́n sì máa ń fi mí kọ́ àwọn ọmọ wọn lẹ́kọ̀ọ́.

Lọ́dún 1996 ni dókítà kan sọ fún Alhaji nípa obìnrin kan ní Àpápá GRA tó ń fi ẹ̀rọ wọn iṣẹ́ tí iṣan ń ṣe lára. Tèmítọ́lá ní ìyáálé òun ni òun fẹ́ kó bá òun wọlé. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ ṣe fáàrí lójú mi ni. Mo gbà láti lọ, nítorí mo fẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá tú irọ́ rẹ̀ síta.

Lójú ọ̀nà lọ́jọ́ náà, bí Alhaji bá dé ibi kòtò, wọ́n á tẹ búréèkì, wọ́n á rọra gbé táyà kọjá, wọ́n á wo ẹ̀gbẹ́ wọn. "Pẹ̀lẹ́, Tèmí. Ṣé kò dùn ọ́?" Tírélà ń fọn fèrè lẹ́yìn wa, wọn ò dá a lóhùn. Èmi di àga mú lẹ́yìn, mo fi ìdí ọ̀tún nìkan jókòó bí mo ṣe máa ń ṣe.

Ebinimi lorúkọ obìnrin náà. Kì í ṣe ọmọ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó gbọ́ èdè wa. Ó ṣàlàyé fún wa pé iṣan kan tẹ́ sí ìsàlẹ̀ ikùn obìnrin bí ẹní, òun ló gbé ilé ọmọ àti àpò ìtọ̀ ró. Iṣan a máa ṣiṣẹ́, a sì máa sinmi. Èyí tí kò bá sinmi mọ́ lè máa fa ìrora fún ọdún gbọọrọ, kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ má sì rí i.

Ẹ̀rọ náà kò tóbi. Ohun kékeré kan bí ìka ọwọ́ ló wà nídìí wáyà rẹ̀, obìnrin á fúnra rẹ̀ fi í sí abẹ́ lẹ́yìn kọ́tìnì. Ìlà kan á wá máa rìn lójú tẹlifíṣọ̀n kékeré: bí iṣan bá fún pọ̀, ìlà á gòkè, bó bá tú, ìlà á sọ̀kalẹ̀.

"Hold am, like person wey dey hold piss," Ebinimi wí fún Tèmítọ́lá. Ìlà gòkè. "Oya, leave am."

Ìlà kò sọ̀kalẹ̀. Ó dúró sókè, ó ń gbọ̀n.

"E no gree rest," Ebinimi wí.

Tèmítọ́lá bú sẹ́kún. "Ẹ ti rí i? Kì í ṣe irọ́. Kì í ṣe irọ́ ni mo ń pa."

Ọkọ ti ń ṣe tirẹ̀, ẹ̀rọ òyìnbó náà tún wá ń ṣe tirẹ̀! Mo ní, "Ó ti bàjẹ́. Ẹ fi wọn tèmi, kẹ́ ẹ wo bí ti obìnrin gidi ṣe máa ń rí."

Ebinimi ní ó tiẹ̀ dára bẹ́ẹ̀, òun á fi ti ẹni tí nǹkan kan ò ṣe wé e. Ó já tuntun nínú ọ̀rá fún mi.

Lẹ́yìn kọ́tìnì, bí mo ṣe ń fi í sí i, omi bọ́ lójú mi. Mo nù ún. Ó ti mọ́ mi lára: gbogbo ọjọ́ tèmi lọ́dọ̀ Alhaji ni mo ń nù ún bẹ́ẹ̀.

"Mummy, relax," Ebinimi wí. "I never say make you hold."

"Mi ò fún nǹkan kan pọ̀."

Ó yí ojú tẹlifíṣọ̀n kékeré náà sí mi. Ìlà tèmi ti wà lókè téńté, ó ga ju ti Tèmítọ́lá lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín: ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé mo ti ju ìyàwó mi lọ.

Ebinimi jókòó tì mí. "This machine no fit talk finish. Some women, their own go high and nothing dey pain them. Na your mouth I wan hear. E dey pain you?"

"Rárá," ni mo wí.

Tèmítọ́lá ló sọ̀rọ̀, kò gbójú sókè. "Ìyáálé mi, ẹ̀yìn yín ni mo ti ń kírun látọjọ́ tí mo ti wọlé yín. Bẹ́ ẹ bá jókòó àtáyà lẹ́yìn ìforíkanlẹ̀, ẹ máa ń fọwọ́ kan di ẹní mú, ẹ máa ń di eyín. Mo mọ̀ ọ́n nítorí bẹ́ẹ̀ ni tèmi náà rí. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ bá mi wá nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú ju èébú lọ. Ohun tí mo fi pamọ́ látìgbà tí mo ti bí Kọ̀yà, tí ìyá mi kò mọ̀ títí ó fi kú, ìyàwó mi ló ti ń wò ó lẹ́yìn mi láràárọ̀. Ebinimi ní kí Tèmítọ́lá máa bọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òun á kọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń tú iṣan náà sílẹ̀. Ó ní bó bá wu èmi náà, kí n máa bá a bọ̀.

Alhaji ń gbọ́ rédíò nínú mọ́tò. Tèmítọ́lá ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó wọlé. "Alhaji, ẹ jẹ́ kí ìyáálé mi jókòó síwájú lónìí." Ìyẹn náà bí mi nínú. Ta ló fi àga mi ta á lọ́rẹ tó fi ń fi í ta èmi lọ́rẹ? Ṣùgbọ́n mo jókòó síbẹ̀.

"Kí ni wọ́n wí?" Alhaji bi í.

"Iṣan ni. Wọ́n rí i." Ó pa ojú dé.

Alhaji yíjú sí mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Ìwọ Rekiat, ṣé o ti wá gbà báyìí pé kì í ṣe irọ́?"

Mo wo Tèmítọ́lá nínú dígí. Bí mo bá dákẹ́, ó máa dákẹ́ bá mi, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Mo ti gbà. Ó ń dun èmi náà, Alhaji."

"Kí ló ń dùn ọ́?"

"Ohun tó ń dùn ún. Bí mo bá jókòó. Bó bá kan ọjọ́ tèmi. Látìgbà tí mo ti bí Kọ̀yà."

Kọ̀yà ti ń fá irùngbọ̀n nígbà yẹn. Alhaji pa rédíò. Wọ́n ṣíná sí mọ́tò, a sì rìn títí a fi dé kòtò ńlá tó wà kí á tó dé Boundary. Níbẹ̀ ni wọ́n ti tẹ búréèkì, tí wọ́n rọra gbé táyà ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjá.

"Pẹ̀lẹ́," ni wọ́n wí. Ọ̀nà ni wọ́n ń wò, wọn ò sì dárúkọ ẹnì kankan.

Mo yára dáhùn kí Tèmítọ́lá tó dáhùn.