Igi Tí Oddvar Gé Létí Títì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí bóyá mo ti dárí ji Oddvar. Bí mo bá ti rántí òórùn yẹn báyìí, itọ́ á kún mi lẹ́nu.

Ọkọ mi ni Oddvar, ọmọ Oslo ni. Èmi Ingunn, àfonífojì yìí ni wọ́n bí mi sí. Kí n tó pàdé rẹ̀ ló ti bí Sunniva. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Bergen lọ́mọ náà ń gbé, ibẹ̀ ló sì ti ń ṣe Kérésì láti kékeré. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá, àwọn òbí rẹ̀ fẹnu kò pé kó máa fúnra rẹ̀ yan ibi tó bá wù ú. Ó ní òun á wá sọ́dọ̀ wa wò lẹ́ẹ̀kan. Bó bá dùn mọ́ òun, òun á máa wá lọ́dọọdún. Bí kò bá dùn, ó parí nìyẹn. Èmi ò bímọ. Mo fẹ́ kọ́mọ yẹn máa wá bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ṣe ń fẹ́ omi.

Ohun kan ṣoṣo ló béèrè. Igi oníke ni ìyá rẹ̀ máa ń yọ jáde látinú páálí. Ó ní òun fẹ́ yan igi tó wà nínú ilẹ̀, kí òun fi ọwọ́ òun gé e, kó sì di àṣà. "Àṣà tiwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Àǹtí," ló wí lórí fóònù. Ẹkún ayọ̀ ni mo sun sórí abọ́ tí mò ń fọ̀.

Asbjørn ló ń gbin igi Kérésì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa. Gbogbo ayé ló ń lọ síbẹ̀ lọ yan tiwọn, kó tó ti géètì oko rẹ̀ pa fún ọdún. Mo sọ fún Oddvar títí ẹnu fi ń ro mí.

"Ingunn, ìwọ náà ti ń rojọ́ jù," ló wí, kò gbójú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. "Ṣé èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gé igi fún ọmọ mi ni?"

Ọ̀lẹ afònídónìí-fọ̀la-dọ́la! Ọjọ́ tó wá dìde, Asbjørn ti ti géètì.

Síbẹ̀, òun àti Sunniva, tó ti dé láti Bergen, gbé igi dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú àìsùn Kérésì, ìrọ̀lẹ́ tí gbogbo ilé máa ń ṣe igi lọ́ṣọ̀ọ́ níbi. Igi náà rẹwà, ó gún régé, ewé rẹ̀ dí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Sunniva ti pọ́n fún òtútù, ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ wò ó! Èmi ni mo yàn án! Dádì ló tan tọ́ọ̀ṣì sí i fún mi. Asbjørn ọ̀rẹ́ Dádì ní ká mú èyí tó bá wù wá."

Mo wo Oddvar. Oddvar ń wo bàtà rẹ̀.

A gbé igi dúró sáàárín pálọ̀, a so àwọn àsíá wẹẹrẹ tí wọ́n fi ń ṣe igi lọ́ṣọ̀ọ́ níbi mọ́ ọn. Màmá ti dé láti Oslo, ìyá Oddvar, Borghild lorúkọ wọn, wọ́n jókòó ti ààrò. Iná ń jó dáadáa, ilé sì móoru. Ìgbà yẹn ló bẹ̀rẹ̀.

"Kí ló ń rùn báyìí?" Màmá ló kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. "Ingunn, ẹja kíkan tó o rẹ sínú iyọ̀ yẹn ni. Mo ti sọ fún ẹ pé kì í ṣe oúnjẹ ọmọ èèyàn."

"Màmá, ẹja mi wà níta nínú ike, mo dé e pa."

"Á jẹ́ pé o ò dé e dáadáa."

Oddvar ní ológbò aládùúgbò ló wọlé wá tọ̀. Sunniva fi orúnkún rìn káàkiri, ó ń fimú fa kápẹ́ẹ̀tì, ó fa ìrọ̀rí, ó fa bàtà ìyá bàbá rẹ̀.

"Màmá àgbà, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹsẹ̀ yín kọ́."

"Ọmọ burúkú! Ta ló ní ẹsẹ̀ mi ni?"

A rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò pẹ́. Òórùn ọ̀hún ń le sí i. Ó dà bí ìtọ̀ tó ti bá ẹran jíjẹrà sùn nínú yàrá kan náà. Ó lẹ̀ mọ́ ọ̀nà ọ̀fun. Mo tọ́ ìrẹsì oníwàrà tí mo sè wò, òórùn yẹn náà ni mo gbé mì. Mo rìn súnmọ́ igi, mo ki imú bọ ẹ̀ka rẹ̀.

Yéè! Ìtọ̀ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀!

Kò sí ọmọ àfonífojì yìí tí kò mọ̀ ọ́n. Gbogbo igi tó wà létí títì ni Asbjørn máa ń fín ìtọ̀ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ sí nítorí olè. Nínú òtútù, kò ní rùn rárá. Ẹ jẹ́ kó dé inú ilé tó móoru, òun fúnra rẹ̀ á pariwo olè lé ẹni tó gé e lórí. Ọmọ ibí kan ò ní fi ayùn kan ìlà yẹn. Àfi ọmọ Oslo.

Mo pe Oddvar sí kíṣínì.

"Níbo lẹ ti gé igi yẹn?"

"Ọ̀dọ̀ Asbjørn."

"Oddvar!"

"Létí títì. Wọ́n ti ti géètì, ọmọ sì ti múra. Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

Títí dé ibẹ̀, mo ṣì lè bínú kí n sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Màmá ké láti pálọ̀, "Igi yìí mà ni! Ta ló yan irú èyí?"

Ni ọkọ mi bá yọ orí síta. "Sunniva ni o! Mo ní kó mú òmíràn, ó kọ̀, ó ní èyí lòun fẹ́. Bóyá ó ti jẹrà nínú." Ó tún wá ń rẹ́rìn-ín.

Ojú ọmọ náà ṣú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn àsíá yẹn níkọ̀ọ̀kan.

"Ẹ má bínú," ló wí. "Mo ti ba Kérésì yín jẹ́."

Mo fa Oddvar padà lápá aṣọ. Ó wá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí mi létí. "Jọ̀ọ́, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọdé ni, á gbàgbé. Bó bá mọ̀ pé mo jalè, kò ní wá mọ́. Àbí ìwọ náà ò fẹ́ kó máa wá ni?"

Ẹ gbọ́ o! Ohun tí mò ń fi ẹkún tọrọ ló fẹ́ fi dí mi lẹ́nu. Òótọ́ sì ni: bí mo bá sọ̀rọ̀, ọmọ yìí lè wọ ọkọ̀ ojú irin padà sí Bergen láàárọ̀ ọ̀la. Mo wo ọkùnrin tí mò ń sùn tì, ó rí mi lára ju igi rẹ̀ lọ. Ṣìọ̀! Ìtọ̀ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ sàn jù ú lọ.

Mo jáde sí pálọ̀. "Sunniva, fi àsíá yẹn sílẹ̀. Ìwọ kọ́. Bàbá rẹ jí igi yẹn gé ni, ìtọ̀ tí wọ́n fín de olè ló ń rùn."

Màmá dìde dúró. "Oddvar! Ìwọ ni mo bí? Ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàṣọ àrán bora, aṣọ olè ló dà bora!"

Sunniva ò wo ẹnì kankan àfi bàbá rẹ̀. "Dádì, ṣé ẹ ní kí n mú òmíràn?"

"Sunniva, ṣé o rí i..."

"Ṣé ẹ ní kí n mú òmíràn?"

"Rárá."

Ó gòkè lọ. Mo gbọ́ tó ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo sì mọ̀ pé ó ti parí fún mi. Ṣùgbọ́n nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, kò gbé báàgì, kóòtù àti ìbọ̀wọ́ ló wọ̀.

"Àǹtí, ẹ bá mi di ìdí igi yìí mú."

A wọ́ ọ síta, a tì í sínú mọ́tò, a ṣí gbogbo fèrèsé nínú yìnyín. Asbjørn ṣílẹ̀kùn, ó gbóòórùn wa, ẹ̀rín pa á. "Ẹ wọlé! Háà, rárá o, ẹ dúró síbẹ̀ yẹn!"

"Èmi ni mo gé e, sà," ni Sunniva wí. "Bàbá mi ló purọ́ fún mi, àmọ́ ọwọ́ mi ló di ayùn mú. Ẹ má bínú."

Ẹ̀rín Asbjørn dáwọ́ dúró. Ó ní òun á ṣí géètì, kó lọ yan òmíràn. Ọmọ náà mi orí. Ó ní òun dúpẹ́, àmọ́ ti ọdún yìí ti bọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ìgbà tí gbogbo ilé ń di ara wọn lọ́wọ́ mú tí wọ́n ń yí igi wọn po kọrin, àwa jókòó, à ń jẹ ìhà ẹlẹ́dẹ̀ nínú ilé tó ṣì ń rùn. Oddvar ló fọ kọ́tínnì. Ó ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Mi ò lè wo ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń jẹun.

Ọjọ́ tí Sunniva ń padà, àwa mẹ́ta la lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin. Oddvar gbé báàgì rẹ̀, ó ń ṣe yọ̀yọ̀. "Ṣé a máa rí ẹ lọ́dún tó ń bọ̀, ọmọ mi?"

Sunniva dì mọ́ mi, ó sì pẹ́ kó tó fi mí sílẹ̀.

"Mo máa wá," ló wí. "Èmi àti Àǹtí la jọ máa lọ gé igi, lọ́sàn-án, lẹ́nu géètì. Ẹ̀yin ẹ máa dúró sílé, Dádì."

Oddvar bú sẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni, ó ń wojú mi kí n bá òun rín. Ọmọ náà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ bí èèyàn ṣe ń bọ ọ̀gá báńkì lọ́wọ́, ó sì wọ ọkọ̀ lọ.