Wàá Dàgbà Bá A

Gbìì! Sàfúrátù tún ṣubú. Páàdì tuntun, ìbojúgun tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, gùn dé agbedeméjì itan, bó bá sì ti fẹ́ sáré, wọn a kọlu ara wọn, wọn a gbé e lulẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni àwọn ọmọbìnrin Ẹ̀fọ̀n ń bọ̀ wá bá ilé-ìwé wọn ní Ìjerò gbá họ́kì, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá, òun sì ni aṣọ́lé.

"Dìde," ni Mísìs Ọláníyì, olùkọ́ eré ìdárayá, wí. Ìbàdàn ló ti lọ ra páàdì náà, inú rẹ̀ sì ń dùn sí i. "Wàá dàgbà bá a."

Háà, wàá dàgbà bá a! Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi tọ́ Sàfúrátù nìyẹn láti kékeré. Yunifọ́ọ̀mù rẹ̀, ìṣẹ́tí rẹ̀ fẹ́ẹ̀ pọ̀ ju aṣọ lọ. Bàtà rẹ̀, àkísà ni ìyá rẹ̀ ń kì sínú rẹ̀ níwájú kó má baà máa bọ́. Ìgbà tí ẹsẹ̀ bá fi máa kún bàtà, bàtà a ti gbó. Èwo ló tíì wọ̀ rí nígbà tó bá a mu? Kò rántí ọ̀kan. Inú bí i.

Ó tú páàdì náà sọ sílẹ̀. Ó wọ yàrá ẹrù lọ, ó fa ti àtijọ́ yọ lábẹ́ àwọn ọ̀pá họ́kì. Awọ rẹ̀ ti sán, òwú ń yọjú níbi tí eku ti jẹ ẹ́. Ó dè é mọ́sẹ̀, ó kúnlẹ̀ wò. Orúnkún rẹ̀ bọ́ sí ibi tí wọ́n ṣe fún orúnkún gẹ́lẹ́. Ó sáré lọ, ó sáré bọ̀. Kò ṣubú.

"Ta ló ní kí o wọ ìyẹn?" Mísìs Ọláníyì káwọ́ mọ́yà. "O gbọ́n jù mí lọ, àbí? Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà."

"Àkísà yìí náà ni mo fẹ́, mà."

"Wọ tuntun, tàbí kí o jókòó!"

Sàfúrátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò sí ohun tó wù ú láyé tó kí ó ṣọ́lé lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n kò dìde.

Lọ́rì àwọn ará Ẹ̀fọ̀n fun fèrè ní géètì. Jemilat, ọ̀gá àwọn agbábọ́ọ̀lù, rọra bi olùkọ́ pé, "Mà, ṣé kí n lọ sọ fún wọn pé a ò ní aṣọ́lé?"

Mísìs Ọláníyì pòṣé. "Ẹ máa lọ, kó wọ àkísà rẹ̀. Bí wọ́n bá fi lè gbá a wọlé, Sàfúrátù, ojú ẹ á rí nǹkan."

Eré ti fẹ́ẹ̀ parí kí ọmọ Ẹ̀fọ̀n kan tó rí sígbọnlẹ̀ tó já gbogbo wọn sílẹ̀, tó wá ku òun àti aṣọ́lé. Ó gbá a. Bọ́ọ̀lù ń fò bọ̀ bí òkò. Sàfúrátù pa ẹsẹ̀ pọ̀, páàdì méjèèjì sì pàdé láìsí àlàfo. Pó! Ibi tí òwú ti tán gan-an ló bà, lójúgun. Ó dùn ún wọra, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Bọ́ọ̀lù kò wọlé.

Nígbà tí wọ́n túká, Mísìs Ọláníyì gbé páàdì tuntun padà sínú yàrá ẹrù. Sàfúrátù jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá, ó fẹ́ wọ bàtà rẹ̀. Ó fa àkísà yọ nínú rẹ̀, ó wò ó títí. Kò kì í padà.

Ó fi bàtà kọ́wọ́, ó ń rìn lọ sílé lórí òkúta wẹ́wẹ́, ojúgun rẹ̀ wú. Ìyá rẹ̀ á bi í pé kí ló dé. Òun náà á sọ fún un pé ẹsẹ̀ tí òun ní lónìí ni òun ń wá bàtà fún.