Ìlàjà Lórí Ọmọ Olówòkéré

Oṣù mẹ́jọ ni Adétutù ti ń retí ọkọ rẹ̀ kí ó tó gba ìwé kóòtù. Kọ́lájọ, àbúrò ọkọ rẹ̀ tí ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Ayétòrò, ló pè é lẹ́jọ́. Ohun méjì ló ń béèrè: kí kóòtù ìbílẹ̀ jẹ́ kí ẹbí ṣe òkú Olówòkéré, ẹ̀gbọ́n òun, kí ó sì jẹ́ kí òun mú Tẹ́ní, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ẹ̀gbọ́n òun bí, lọ sọ́dọ̀ ara òun.

Òkú wo? Adétutù kò rí òkú kankan. Lọ́dún tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí omi, tí ìbọn ń dún nínú igbó etí odò, Olówòkéré gbé ọkọ̀ jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan láti lọ wo àwọ̀n rẹ̀, kò sì padà. Ní ọjọ́ kẹta ni wọ́n dáná sun abúlé wọn tí ó wà lẹ́yìn Mahintedo. Adétutù fa ọmọ lọ́wọ́, ó sá wá sí Igbókòdá, ó gba yàrá kan, ó sì ń yan ẹja tà. Kò sí ọkọ̀ tí yóò gúnlẹ̀ sí èbúté kí Adétutù má fi iná ẹja sílẹ̀ lọ wo ojú àwọn tí ń sọ̀ kalẹ̀.

Adájọ́ kò tíì gbọ́ ẹjọ́ náà. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ olùlàjà, bí ọ̀rọ̀ kò bá wọ̀ níbẹ̀, kí wọ́n padà wá bá òun. Ọkàn Adétutù kò balẹ̀ rárá. Ìlàjà tí òun mọ̀ ni pé kí àwọn àgbà jókòó yí obìnrin ká, kí wọ́n ní kí ó kúnlẹ̀ kó bẹ̀bẹ̀.

Obìnrin ni olùlàjà náà, Ìyáàfin Ògúnlànà, ọmọ Abẹ́òkúta tí ìjọba gbé wá síbẹ̀ láìpẹ́. Tábìlì kan, àga mẹ́rin àti fèrèsé tí ó kọjú sí èbúté ni gbogbo ohun tí ó wà nínú yàrá rẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa sọ èdè Ìlàjẹ wọn bọ̀, kí wọ́n ṣáà rọra sọ ọ́, torí etí òun kò tíì mọ́ ọn. Ó ṣàlàyé pé ẹnì kan yóò sọ tirẹ̀ tán kí ẹnì kejì tó dá sí i. Lẹ́yìn náà, òun yóò rí olúkúlùkù lóun nìkan, ohun tí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún òun níbẹ̀ kò ní dé etí ẹnì kejì àfi bí ẹni tó sọ ọ́ bá fẹ́. Adájọ́ pàápàá kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu òun. Ẹni tí ó bá sú lè dìde kó máa lọ.

“Mi ò ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi níbí,” ó ní. “Ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa parí ẹ̀, tàbí kó má parí.”

Adétutù kò lè jókòó sọ tirẹ̀. Ó dìde, ó di ẹ̀yìn àga mú. Ó ní lẹ́yìn tí wọ́n sun abúlé, oṣù méjì ni Tẹ́ní kò fi la ẹnu sọ̀rọ̀. Níléèwé Igbókòdá ni ọ̀rọ̀ ti padà sí i lẹ́nu, ẹni tí ó bá sì fẹ́ gbé e kúrò níbẹ̀ yóò kọ́kọ́ gbé òkú òun.

Kọ́lájọ ní ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n òun ni ọmọ náà. Ó ní òkun ń jẹ ilẹ̀ Ayétòrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé òun ṣì dúró, kò sì tọ́ kí a fi òkú ẹ̀gbọ́n òun sílẹ̀ láìṣe é. Ilẹ̀ ló ń wò bí ó ti ń sọ ọ́.

Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan bú ramúramù wọ èbúté. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló yíjú sí fèrèsé lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ẹlẹ́ja lásán ni.

“Ta ló sọ fún yín pé ó ti kú?” ni Adétutù bi Kọ́lájọ. Kọ́lájọ tún yíjú sí fèrèsé.

Ìyáàfin Ògúnlànà rí i pé kò dáhùn. Ó ní ó yá kí òun rí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí ó kan Adétutù, ó jẹ́wọ́ pé kì í ṣe pé òun gbà pé Olówòkéré wà láàyè. Ẹ̀rù ń ba òun pé bí òun bá gbà kí wọ́n ṣe òkú rẹ̀, a jẹ́ pé òun gan-an ló pa á.

Ti Kọ́lájọ pẹ́. Ó kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ ilé àti ẹ̀jẹ̀ sọ. Nígbà tí ó yá, ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Ó ti sọ fún gbogbo ayé pé Ayétòrò lòun wà lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n òun lọ wo àwọ̀n.

“Inú ọkọ̀ kan náà la wà, mà,” ó ní. “Ojú mi ni wọ́n ṣe yìnbọn lù ú.”

Ìyáàfin Ògúnlànà ti ìwé iwájú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní òun kò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, bí ó bá fẹ́, ó lè gbé e lọ sílé bí ó ti gbé e wá. Ṣùgbọ́n ó bi í bóyá ó rò pé obìnrin náà lè gbà kí wọ́n ṣe òkú tí kò mọ bí ó ṣe kú.

Kọ́lájọ dìde. Ó gba iwájú Adétutù kọjá lẹ́nu ọ̀nà láìwò ó, ó sì kọrí sí èbúté. Adétutù rí i tí ó wọ ọkọ̀ Ayétòrò. Ó sáré wọlé, ó bi olùlàjà ohun tí Kọ́lájọ sọ. Olùlàjà ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti òun láti sọ.

“Irú ìlàjà wo nìyí?” ni Adétutù bi í. Inú ń bí i gidigidi. Olùlàjà fi àga lọ̀ ọ́, ó ń to ìwé tí ó ti tò tẹ́lẹ̀. Òun náà kò mọ̀ bóyá òun ti ba nǹkan jẹ́. Ọkọ̀ náà ṣí. Wọ́n gbọ́ ọ títí ìró rẹ̀ fi jìnnà.

Kò pẹ́ sígbà náà tí Kọ́lájọ fi yọ lẹ́nu ọ̀nà, tí ṣòkòtò rẹ̀ tutù dé orúnkún. Ó ti bẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ń fi èbúté sílẹ̀. Kò jókòó. Ó dojú kọ ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un: bí ìbọn ṣe dún láti inú igbó, bí ọta rẹ̀ ṣe ba Olówòkéré ní àyà, bí òun ṣe bẹ́ sómi, tí òun lúwẹ̀ẹ́ títí òun fi dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè rí òun, àti bí ojú ṣe ti òun láti sọ pé òun fi í sílẹ̀.

Adétutù kò sunkún. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló béèrè.

“Ṣé ó sọ̀rọ̀?”

“Ó ní kí n máa lúwẹ̀ẹ́ lọ. Ó ní kí n má bojú wẹ̀yìn.”

Adétutù jókòó. Fèrèsé tí ó kọjú sí èbúté ló ń wò. Nígbà tí ó wá la ẹnu, ó ní Tẹ́ní kò kúrò lọ́dọ̀ òun, kò kúrò níléèwé rẹ̀. Bí ìjà orí omi bá rọlẹ̀, ó lè lọ lo ìsinmi ní Ayétòrò. Ní ti òkú, òun ni yóò mú ọjọ́. Kọ́lájọ gbà, ó sì ní òun yóò gbé ẹjọ́ kúrò ní kóòtù. Olùlàjà kọ ọ́ sílẹ̀, ó kà á fún wọn lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n fọwọ́ sí i. Nígbà tí Kọ́lájọ fẹ́ dọ̀bálẹ̀, Adétutù ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Òun kò tíì ṣetán láti dárí jì í, ìdọ̀bálẹ̀ kò sì sí nínú ohun tí àwọn fọwọ́ sí.

Nígbà ìsinmi Kérésìmesì, Kọ́lájọ wá mú Tẹ́ní. Adétutù wọ ọkọ̀ tẹ̀lé wọn, torí kò tíì lè fi ọmọ náà sílẹ̀ lójú omi pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n kọjá Mahintedo, Adétutù ní kí Kọ́lájọ fi ibi tí wọ́n ti yìnbọn hàn òun. Kọ́lájọ pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, ó nawọ́ sí ibì kan tí odò ti tẹ̀, tí koríko omi ti bò. Tẹ́ní béèrè pé kí ló wà níbẹ̀, ìyá rẹ̀ sì sọ fún un pé ibẹ̀ ni bàbá rẹ̀ kú sí. Wọn kò lè pẹ́ níbẹ̀, torí odò náà kò tíì ṣe é fọkàn tán, Kọ́lájọ sì tún fa ẹ́ńjìnnì.